Ẹni Tí Bàbá Mi Mú Wọnú Igbó

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, bàbá mi pè mí lórí fóònù pé kí n jíṣẹ́ òun fún ẹnì kan. Mo gbọ́ iṣẹ́ náà yékéyéké, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, n kò jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ náà lè má tóbi lójú ẹni tí kò mọ ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà n óò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ni olùṣọ́ igbó kékeré kan tó wà lẹ́yìn Ìsarà, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti tán, tí ọlọ́kadà á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kó tó gbà láti gbé èèyàn lọ. Ìjọba ń pè é ní igbó ìpamọ́. Àwọn ará abúlé wa ń pè é ní Risáfù. Kò tóbi rárá. Ẹni tó bá gbé iṣu kaná, tó sì yára rìn, lè ti ìpẹ̀kun kan dé èkejì kí iṣu náà tó jinná. Oko ẹ̀gẹ́ àti oko obì ló yí i ká. Àwọn agégẹdú ti jẹ gbogbo igbó tó kù ní agbègbè wa tán, tiwa nìkan ló ṣẹ́kù, torí pé bàbá mi jókòó tì í bí adìyẹ tó ń sàba. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìjọba kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Òun náà kò kúrò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gbé àdá rẹ̀, á sì wọ inú igbó lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń tajà ní Èkó báyìí, tí kò sì bìkítà bóyá igi dúró tàbí igi wó, ni ó máa ń mú lọ ní gbogbo Sátidé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí ṣáájú wọn, mo wọ bùbá ìyá mi tó gùn dé orúnkún mi kí ẹ̀gún má baà họ mí lára, mo sì rọra ń tẹ̀ lé wọn títí a fi dé ibi pátákó ìjọba. Bàbá mi bojú wẹ̀yìn.

"Níbo lò ń lọ?"

"Bàámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

"Padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀."

N kò padà. Mo jókòó sídìí pátákó náà títí oòrùn fi kan àtàrí, tí èèrà fi jẹ mí lẹ́sẹ̀ títí. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀gbọ́n mi mú ìyẹ́ dúdú kan tí orí rẹ̀ funfun lọ́wọ́, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà, n kò bèèrè mọ́. Mo kàwé, mo di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́nnẹ́, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Tíṣà. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Mo rò pé orúkọ àpọ́nlé tó ga jù lọ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, gbogbo Sunday ni mo máa ń lọ wò ó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ní èyí tó ti lọ kò lè padà, kí á máa fi oògùn tọ́jú èyí tó kù. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji èèyàn, kò rí ojú èèyàn mọ́. Ní Sunday kan mo gbé ìkọ́kọrẹ́ lọ fún un, èyí tí mo ti fi àárọ̀ kùtù rin ewùrà rẹ̀. Bí mo ṣe wọ àgbàlá, mo bá obìnrin kan lórí àpótí ìyá mi. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, bàbá mi sì ń bó ọsàn fún un.

"Tíṣà, o káàbọ̀," ni bàbá mi wí. "Wá kí Dókítà. Wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì ní Ìlíṣàn. Ẹyẹ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọma mi nìyí o."

Ọma ni àwa ará Rẹ́mọ ń pe ọmọ nínú èdè tiwa, àwọn àgbà nìkan ló sì kù tó ń sọ èdè náà bó ṣe yẹ. Bàbá mi ti pẹ́ tí kò ti sọ ọ́ sí mi mọ́. Yorùbá tí mo kọ́ ní ilé ìwé ló ń bá mi sọ, bí ẹni ń bá ọ̀gá iléèwé sọ̀rọ̀. Obìnrin yìí ńkọ́? Ará Èkìtì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa ni, ó sì ti di ọma.

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. N kò rí ìwà àìdáa kan tí mo lè dì mọ́ ọn. Bàbá mi bu ìkọ́kọrẹ́ mi, òun ni ó sì kọ́kọ́ gbé abọ́ fún. Mo dúró ti ògiri, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun, tí bàbá mi ń sọ̀rọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, bàbá mi tó jẹ́ pé tí mo bá dé, ohun tó máa ń bèèrè lọ́wọ́ mi kò ju méjì lọ: ṣé ọ̀nà dára, ṣé àwọn ọmọ iléèwé ń gbọ́ràn? Nígbà tí wọ́n jẹun tán, obìnrin náà wọ bàtà òjò kan kí ó lè wọ inú igbó. Bàtà òjò ìyá mi ni. Bàbá mi ló gbé e fún un. Ó bá a lẹ́sẹ̀ rẹ́gí.

Mo mọ̀ pé orogún máa ń jowú. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ tó ti tó ẹni ogójì ọdún lè jowú lórí baba.

Ọdún mẹ́ta ni Dókítà fi ń wá, ní Sunday, tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ tí kò bá ní kíláàsì. Kì í wá ní Sátidé, torí pé inú ìjọ tó ń pa Sátidé mọ́ bí ọjọ́ ìsinmi ló wà. Tí oòrùn Jímọ̀ bá ti wọ̀, á pa fóònù rẹ̀, kì í sì í rìnrìn àjò títí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni ó ń torí rẹ̀ wá jù lọ, àtíòro. Bí àtíòro bá fẹ́ yé, abo á wọ inú ihò igi, wọn á fi ẹrẹ̀ rẹ́ ẹnu ọ̀nà pa títí á fi ku ojú tóóró kan. Ibẹ̀ ni abo á wà, á sàba, ìyẹ́ ìrù rẹ̀ á re tán, akọ á sì máa gba ojú tóóró náà fi oúnjẹ bọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà díẹ̀, ìyá á fọ́ ògiri náà jáde. Dókítà ní òun ti kà á nínú ìwé pé àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù nínú ihò ni yóò tún ògiri náà mọ fúnra wọn. Kò tíì fojú ara rẹ̀ rí i. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó dé lẹ́yìn tí ó ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún kejì, ejò wọ inú ihò náà.

Gbogbo ìwọ̀nyí, láti ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ wọn. Bàbá mi kò sọ ọ̀kan rí fún mi.

Ní Sunday kan, mo sìn ín dé ibi tó ti fẹ́ gun ọ̀kadà. Bí a ṣe ń lọ ló wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìtàn Màámi yẹn dùn mọ́ mi o."

"Ìtàn wo?"

"Pé Màámi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ihò àtíòro han Bàbá. Bàbá ní àwọn ká wọn mọ́ inú igbó níbi tí wọ́n ti ń já ewé gbòdògì tí wọ́n fi ń di obì, àwọn sì fẹ́ mú wọn. Ni Màámi bá ní, 'Ìwọ tí wọ́n ní ò ń ṣọ́ igbó, ṣé o ti rí ọkọ tó ti ìyàwó rẹ̀ mọ́lé?' Bàbá ní látìgbà náà ni Màámi ti mú àwọn." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí wọn kò sọ ọ́ báyìí fún yín?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ni mo dáhùn. "Ìtàn ilé wa ni."

Irọ́ ni. N kò gbọ́ ọ rí. Mo dúró lójú ọ̀nà títí ọ̀kadà rẹ̀ fi lọ. Ìyá mi wọ inú igbó náà kí wọ́n tó bí mi. Obìnrin ń wọ ibẹ̀. Èmi nìkan ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ gan-an ni bàbá mi pè mí lọ́sàn-án Jímọ̀. Fóònù kékeré ló ní, nọ́mbà mi nìkan ló sì mọ̀ ọ́n tẹ̀ láìfi ojú wò ó.

"Tíṣà, bá mi pe Dókítà. Sọ fún un pé ẹyẹ yẹn ti ń fi ẹnu lu ògiri. Mo gbọ́ ọ fúnra mi láàárọ̀ yìí. Kò ní kọjá ọ̀la. Kó múra, kó wá sùn síbí kí oòrùn tó wọ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàámi."

"Má jẹ́ kó pẹ́ o. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wá a."

Mo ti fóònù bọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Mo máàkì títí àwọn olùkọ́ yòókù fi lọ tán, tí gáàdì fi wá bèèrè pé ṣé kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí. N kò lè sọ pé mo gbàgbé. Ní gbogbo àkókò náà, ojú fèrèsé ni mò ń wò, mò ń wo ibi tí oòrùn dé. Nígbà tó wọ̀ tán, mo mú fóònù, mo pe bàbá mi.

"Bàámi, ó ní òun kò lè wá. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun."

Mo gbọ́ tí àpótí dún bí ó ṣe jókòó.

"Ó dáa," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o lè wá?"

Ohun tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Mo gbà á bí ìgbà tí èèyàn gba oúnjẹ tí àlejò jẹ kù.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kúrò ní Ìkẹ́nnẹ́ ni mo wọ̀. Bàbá mi ti dúró dè mí lójú ọ̀nà. A kọjá pátákó ìjọba, kò sì sọ ohunkóhun, bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni a jọ ń gba ibẹ̀. Òun ló ń ṣáájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gbogbo gbòǹgbò. Èmi tí mo ríran ni mo ń kọsẹ̀. Inú igbó náà tutù, ó sì ṣókùnkùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó jókòó sórí gbòǹgbò kan, ó nawọ́ sókè.

"Kí lo rí?"

"Igi kan, Bàámi."

"Igi wo?"

"Igi ńlá kan."

Ó pòṣé. "Afàrà ni. Ihò náà wà lókè ẹ̀ka tó ṣẹ́. Dókítà ìbá ti rí i."

Mo gbé e mì. Mo wá ẹ̀ka tó ṣẹ́ títí mo fi rí i, mo rí ihò náà, mo rí ẹrẹ̀ tí wọ́n fi dí i. Lóòótọ́, ìró kan ń jáde níbẹ̀, kó, kó, kó, bí ẹni ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn. A jókòó títí ìtànṣán oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láàárín ewé.

Lójijì, ègé ẹrẹ̀ kan já bọ́ sílẹ̀.

"Ó ti ń fọ́!" Mo kígbe.

"Rọra. Láti apá ibo?"

"Láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ òsì. Mo rí àgógó ẹnu rẹ̀. Ó ti yọ orí. Bàámi, ó há!"

"Kò há. Ó ń ti ara rẹ̀ síta ni. Máa sọ ọ́ lọ."

Mo ń sọ ọ́ lọ. Mo sọ bí ó ṣe yọ èjìká kan, tó sinmi, tó yọ èkejì. Mo sọ bí ó ṣe bọ́ síta, tó balẹ̀ gbì sórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ bí ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, tí ìrù rẹ̀ kúrú, tó rí jákujàku. Akọ rẹ̀ dé pẹ̀lú èso pupa kan lẹ́nu. Ó wo ihò, ó wo abo, kò mọ èyí tí yóò bọ́. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni mo rí àwọn àgógó ẹnu kéékèèké nínú ihò tó ṣí sílẹ̀ náà. Wọ́n ń ṣa ẹrẹ̀ tó kù létí rẹ̀, wọ́n ń rẹ́ ẹ padà.

"Wọ́n ń mọ ọ́n?" Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n ń mọ ọ́n, Bàámi. Mẹ́ta ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi. Mo rò pé ó fẹ́ sọ nǹkan fún mi. Ohun tó sọ ni pé, "Ká ní ọma mi wà níbí ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi débi pé n kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "Bàámi, kí ló dé tí ẹ kò mú mi wọ ibí nígbà tí mo wà lọ́mọdé?"

"Ṣé o bèèrè?"

"Mo bèèrè. Ẹ ní obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Mo jókòó sídìí pátákó títí di ọ̀sán."

Ó yí ojú rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Ó rò ó, mo rí i pé ó ń wá a lóòótọ́.

"N kò rántí," ni ó wí. "Ìyá rẹ wọ ibí dáadáa. Bóyá mo kàn ń kánjú lọ́jọ́ náà ni."

Ó ń kánjú. Ohun tí mo ti gbé sọ́kàn láti ìgbà èwe mi, tí mo fi ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò dúró ní ọkàn rẹ̀ fún ọjọ́ kan. N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ tèmi.

"N kò pe Dókítà. Kò sọ pé òun kò lè wá. N kò jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi."

Ó dìde láìdì mí mú. Ó ṣáájú, mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé àgbàlá ni ó wí pé, "Ìwọ ni yóò sọ fún un. Kì í ṣe èmi."

Mo pe Dókítà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó wá. Ní àárọ̀ Sunday ó dé tòun ti ẹ̀rín, mo sì sọ fún un lórí ìdúró, kó tó rí ibi jókòó. N kò ní àwáwí kankan. Ẹ̀rín náà lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí. "Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ kò fi nǹkan kan ṣe mí."

Ó wọ bàtà òjò, ó wọ inú igbó lọ ní òun nìkan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ti rẹ́ ihò náà pa tán. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ nínú báàgì, ó jókòó, ó na ọwọ́ sí àpótí tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ jókòó. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Ẹ má fo nǹkan kan, ẹ má sì fi nǹkan kan kún un."

Mo sọ ọ́. Ó ń bèèrè, mo ń dáhùn. Apá ibo ló ti kọ́kọ́ fọ́? Oòrùn ti dé ibo? Ẹnu mélòó? Ó yà mí lẹ́nu pé mo mọ gbogbo rẹ̀. Ó bèèrè pé, "Ṣé ìyá ń bá wọn rẹ́ ẹ láti ìta?" Mo ní rárá, ó kàn jókòó sórí ẹ̀ka ni, ó ń tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Dókítà gbé orí sókè wò mí. Mo mọ ìwò yẹn. Owú ni. Ó ń jowú ojú mi, ó ń jowú àárọ̀ kan ṣoṣo tí èmi tí n kò mọ afàrà yàtọ̀ sí igi mìíràn rí ohun tó yẹ kí òun rí. Inú mi dùn. Ojú sì tì mí pé inú mi dùn.

Bàbá mi ní kó jẹun, Dókítà ní ebi kò pa òun. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sìn ín dé ojú ọ̀nà, tòun ti ojú tó ṣú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo àwọn méjèèjì títí wọ́n fi yà. Mo tún ń jowú gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Dókítà kò padà wá fún oṣù méjì. Bàbá mi kò bínú sí mi ní gbangba, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín púpọ̀ ní àwọn Sunday yẹn. Nígbà tó dé lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ó ti tẹ gbogbo ohun tí mo sọ sínú ìwé pélébé kan, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo rí i. Ó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́. A kì í ṣe ọ̀rẹ́ di òní. A máa ń kí ara wa, a jọ máa ń wọ inú igbó nígbà mìíràn, èmi pẹ̀lú bàtà òjò tí mo rà ní Ṣàgámù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Dókítà gbé ìwé náà dé, mo kà á fún bàbá mi. Nígbà tí mo dé ibi tí akọ ti gbé èso pupa wá, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Kì í ṣe èso. Kòkòrò ni."

"Bàámi, mo rí i. Èso ni."

"Ta ló ti ń ṣọ́ wọn láti ọjọ́ yìí? Mo ní kòkòrò ni, Tíṣà. Pa á rẹ́."

"N kò ní pa á rẹ́."

Ó ní olórí kunkun ni mí, mo ní ilé ni mo ti kọ́ ọ. Dókítà jókòó láàárín wa, bírò rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò mọ ẹni tí yóò gbà gbọ́.